Ọwọ́ Mi Dúró, Ẹnu Mi Kọ̀

Hamamatsu, Japan
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì, 2018

Mak Dang, ẹ̀gbọ́n ìyá mi,

Mo kí yín o. Ẹ kú ewu iṣẹ́ abẹ, ẹ kú àárẹ̀ ara, ẹ kú ìdánìkanwà nínú ilé ńlá yẹn. Ara tèmi le, àfi òtútù ibí tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ oòrùn ni mo ti wá.

Etek Warni, aládùúgbò yín, ti sọ fún mi pé ẹ ti padà dé láti Jakarta. Ó ní wọ́n lu ihò méjì sí yín lágbárí, wọ́n ki wáyà bọ inú ọpọlọ, wọ́n sì tẹ ẹ̀rọ kékeré kan tó ní bátìrì sábẹ́ awọ àyà yín, kó lè máa ta iná díẹ̀díẹ̀ sí ibi tí àrùn Pákínsìn tó ń mú ọwọ́ yín gbọ̀n bà jẹ́. Ó ní ọwọ́ yín ti dákẹ́. Ó ní ẹ gbé ife kọfí lójú òun, ẹ mu ún tán, ẹ ò ta á sílẹ̀. Mo sunkún ayọ̀ nínú yàrá ìfọṣọ níbi iṣẹ́, tó fi jẹ́ pé ọ̀gá wa bi mí bóyá ẹnìkan kú ni.

Ṣùgbọ́n inú mi ò dùn sí yín, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Mo pè yín lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ gbé e, mo gbọ́ èémí yín, ẹ sì pa á. Mo tún pè lọ́jọ́ Àìkú, bákan náà. Kí ni mo ṣe? Tí ẹ bá ń bínú, ẹ bú mi bí ẹ ṣe máa ń bú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ̀rọ̀ títí tí ìrẹsì á fi tutù nínú àwo, ẹ wá di odi sí èmi nìkan.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Afdal ni, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ọmọ Katik tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Bukittinggi lẹ ti fojú sí fún mi. Afdal ò ní ṣọ́ọ̀bù. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà ara mọ́tò ló ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ wa ni, ará Sungai Tarab, ó ń kírun, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ mọ àṣà wa jù mí lọ. Àwa ará ilé obìnrin la máa ń gbé ewé siriah lọ tọrọ ọkọ, arákùnrin ìyá ìyàwó ló sì ń sọ̀rọ̀. Ìyá mi ti lọ. Kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ ọ́ lórúkọ ilé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ sọ́dọ̀ Datuak Rajo Ameh, arákùnrin ìyá Afdal, kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí.

Ẹ máa jẹun dáadáa.

Ọmọ yín,
Mita


Koto Laweh
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta, 2018

Mita, ọmọ àbúrò mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé nínú òtútù yẹn. Kọ́kọ́ wo ìwé yìí dáadáa kó o tó kà á. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Láti ayé ìyá rẹ ni mi ò ti lè kọ orúkọ ara mi, ìka ni mo ń tẹ̀ ní ọ́fíìsì bí ẹni tí ò kàwé. Lónìí mo jókòó sẹ́bàá fèrèsé, mo mú bírò, ọ̀rọ̀ sì tò lórí ìlà bí èèrà.

Mo ti padà sídìí igi fífín. Ilẹ̀kùn yàrá rẹ ni mò ń fín lọ́wọ́, yàrá tó wà ní ìpẹ̀kun ilé, tí a máa ń fún ọmọbìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ. Tí Afdal bá di ọkọ rẹ, ibẹ̀ ni yóò máa wọlé sùn sí, bí ọkọ ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa, ilé yìí á sì tún ní ariwo. Ìwọ nìkan lobìnrin tó ṣẹ́kù nínú ìdílé wa. Tí kò bá sí ọ níbí, wọn á ní ilé wa ti parun, torí obìnrin ló ni ilé nílẹ̀ wa, èmi ọkùnrin tí mo wà nínú rẹ̀ ò ju aṣọ́lé lọ. Nígbà tí ìyàwó mi kú, mo kó ẹrù mi kúrò nílé àwọn èèyàn rẹ̀ bó ti yẹ, mo padà síbí. Àwọn yàrá tó ṣófo, eku, àti èmi, àwa la jọ ń gbé.

Ní ti fóònù, nẹ́tíwọọ̀kì orí òkè yìí ò dáa. Má pè mọ́. Máa kọ̀wé, mo fẹ́ràn ìwé.

Ní ti ọmọ Katik, ta ló sọ fún ọ? Warni ni, àbí? Ẹnu Warni ò ní ilẹ̀kùn. Mo wo ọmọ náà lóòótọ́, àmọ́ ìwọ lo máa bá ọkọ gbé, èmi kọ́. Màá gbé siriah lọ sí Sungai Tarab.

Mo gbọ́ pé arúgbó ẹlòmíràn lò ń fún lóúnjẹ níbẹ̀. Ó dáa, iṣẹ́ ni. Fi fọ́tò rẹ ránṣẹ́, èyí tí o ò ti wọ aṣọ iṣẹ́.

Mak Dang rẹ,
Zulbahri Sutan Mantari


Hamamatsu
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, 2018

Mak Dang,

Mo kí yín. Ìkíni mi ò ní gùn lónìí.

Ìyá Afdal pè é lánàá. Wọ́n ti dá siriah wa padà. Wọ́n ní ẹ wọ aṣọ dúdú yín, ẹ dé fìlà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ ìkíni àtayébáyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin inú yàrá fi dákẹ́. Ìgbà tó wá kan kí ẹ sọ pé Afdal lẹ wá tọrọ, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ẹ tún dúró. Ẹ wolẹ̀. Datuak ní ó ti yé òun. Ó ní ọmọlúàbí kì í sọ pé òun ò fẹ́, ṣe ló máa ń jẹ́ kó yé èèyàn. Ó ní ẹrù ẹlẹ́rù lẹ rù wá, òun ò sì lè gba ọ̀rọ̀ tí ẹni tó gbé e wá ò fẹ́.

Ní báyìí Afdal kì í bá mi jẹun mọ́ lọ́jọ́ ìsinmi. Ó ní kí ló dé tí mi ò sọ fún òun pé ilé wa ò fẹ́ òun. Kí ni kí n sọ fún un? Gbogbo Tanah Datar ló mọ̀ pé Sutan Mantari kì í wá ọ̀rọ̀ tì. Tí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ ò bá ti sọ ọ́ fún mi nínú ìwé, níbi tí ojú ò ti ní kan ojú. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ wá lọ fi mí ṣẹ̀sín lọ́dọ̀ àwọn àna.

Mi ò mọ̀ bóyá màá tún kọ̀wé. Etek Warni á máa sọ fún mi bí ara yín ṣe rí.

Mita


Koto Laweh
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, 2018

Mita,

Àlàáfíà fún ọ. Orí àkàsọ̀ ni mo ti ka ìwé rẹ kí n tó wọlé, ibẹ̀ ni mo sì jókòó sí títí wọ́n fi pe ìrun Àlàásárì.

Irọ́ ni mo pa nípa nẹ́tíwọọ̀kì. Mo ti di akólòlò. Mo ti kọ ọ́, jẹ́ kí n máa bá a lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n tan iná ẹ̀rọ inú àyà mi tí ọwọ́ mi dákẹ́, ọjọ́ yẹn náà ni ẹnu mi bẹ̀rẹ̀ sí í há. Tí mo bá fẹ́ sọ pé kọfí, kọ-kọ-kọ-kọ ni, ojú mi á pọ́n, ẹni tó ń gbọ́ á sì máa wo bàtà ara rẹ̀. Mo kólòlò nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọ̀rọ̀ ìkíni tí arákùnrin ìyá mi kọ́ mi títí mo fi há a sórí ló gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ láti ìgbà yẹn. Dókítà tó ń yẹ ẹ̀rọ náà wò fún mi ní Padang ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan báyìí. Ó ní iná tó ń mú ọwọ́ dúró lè dí ọ̀nà ọ̀rọ̀. Ó ní ti ẹlòmíràn á tún burú, àgàgà ẹni tó bá ti kólòlò rí. Ohun tí mo há sórí ṣì ń jáde wẹ́rẹ́, bí àdúrà inú ìrun. Ohun tí mo bá ń fi ọkàn ara mi wá, ìyẹn ni kì í fẹ́ jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé Datuak nìyẹn. Ìkíni wà lórí mi, ó jáde. Orúkọ Afdal ò sí nínú ìkíni. Mo ní, "A wá tọrọ A- A- A-," mo dúró, mo gbé itọ́ mì, mo tún gbìyànjú. Ìtìjú ló jẹ́ kí n wolẹ̀. Datuak ní, "Sutan, ẹ má da ara yín láàmú. Èyí tẹ́ ẹ ò sọ yẹn ti tó wa." Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́- bẹ́- bẹ́- ni mò ń wí, òun sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti àwo idẹ tí siriah wà nínú rẹ̀ padà sí mi. Ó ní, "Ẹ kí àwọn ará ilé." Ará ilé wo? Mi ò lè bá a wí. Ìwọ náà mọ̀ wá. A kì í wí fún àna pé rárá, a ti sọ dídákẹ́ di èdè, tó bá jẹ́ pé èmi ni mo jókòó síbi tó jókòó sí, bẹ́ẹ̀ náà ni mo máa gbọ́ ọ.

Mi ò lọ búkà kọfí mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́ ọ̀gá nínú ká fi èèyàn ṣẹ̀fẹ̀, o rántí. Tí mo bá débẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Malin Sati tá a jọ máa ń jókòó á ní, "Sutan, ṣé ká lọ kírun dé ná, ká padà wá gbọ́ ìyókù?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, torí ká ní èmi ni, mi ò bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn aláàánú ló burú jù. Wọ́n máa ń bá mi parí ọ̀rọ̀, ibi tí mi ò sì lọ ni wọ́n máa ń gbé e lọ. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n má fi ṣúgà sí i, kí n tó sọ ọ́ tán wọ́n ti bu ṣúgà mẹ́ta sí i, wọ́n tún bá mi rò ó pọ̀. Mo mu ún. Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Òótọ́ ni, àmọ́ ta ló fẹ́ jókòó dè é?

Mo dá wà, Mita. Mi ò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Mak Dang


Hamamatsu
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún, 2018

Mak Dang mi,

Ẹ foríjì mí. Mo ka ìwé yín nínú bọ́ọ̀sì, mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀. Mo ti ro ìwé tí mo kọ bú yín títí, ó ń tì mí lójú.

Mo sọ fún Afdal. Ó ní òun ló yẹ kí òun bẹ̀ yín. Ó pe ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ lọ bá Datuak. Datuak ní tó bá jẹ́ àìsàn ni, òun ò bínú, kí ẹ padà wá. Àmọ́ ó ní ẹnu yín lòun ti fẹ́ gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ títọrọ ọkọ kì í gba orí fóònù àwọn ọmọdé. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe rí.

Mak Dang, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bèèrè yìí. Mo bi nọ́ọ̀sì kan níbi iṣẹ́ wa. Ó ní wọ́n lè tún iná ẹ̀rọ náà tò, pé nígbà míì tí wọ́n bá dín in kù, ọ̀rọ̀ á já gaara. Ọwọ́ á gbọ̀n lóòótọ́. Ṣé dókítà yín ò lè dín in kù fún ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ yẹn nìkan, kó sì dá a padà lẹ́yìn náà? Mo mọ̀ pé nǹkan ńlá ni. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń mú ọmọ lọ síléèwé. Tí Datuak bá tún dá siriah yín padà, kò ní sí ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ìyá arúgbó kan wà tí mò ń tọ́jú níbí, kì í sọ̀rọ̀ rárá. Mo máa ń bá a sọ tèmi lédè wa, á sì máa mi orí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kan tún wà tó yẹ kí n bá yín sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí èyí kọjá ná.

Ọmọ yín,
Mita


Hamamatsu
Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹfà, 2018

Mak Dang,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ìwé mi dé? Etek Warni ní ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Padang, ẹ padà dé, látìgbà náà ilẹ̀kùn yín ń wà ní títì lọ́sàn-án. Ó ní òun kan ilẹ̀kùn, òun sì gbọ́ ìró òòlù tẹ́ ẹ fi ń fín igi, ẹ ò dá òun lóhùn.

Tó bá jẹ́ pé ohun tí mo bèèrè ló dùn yín, ẹ gbàgbé ẹ̀. Mo ti kọ ọ́ tán kí n tó ronú. Tí ẹ bá sì ti ṣe é, tó jẹ́ pé ọwọ́ yín ni ò lè kọ̀wé mọ́, ẹ ní kí Warni kọ ọ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo àpótí ìwé, bí mo bá sì ti rí i pé ó ṣófo, oúnjẹ kì í wù mí jẹ.

Mita


Koto Laweh
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù keje, 2018

Mita, ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ. Ìwé rẹ méjèèjì dé. Mo fẹ́ ní nǹkan gidi tí màá sọ kí n tó dá ọ lóhùn ni.

Mo lọ bá dókítà. Mo kọ ohun tí mo fẹ́ sórí bébà fún un. Ó gbé ẹ̀rọ kan lé àyà mi, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, ó ní, "Ó yá, bàbá, kí lẹ jẹ láàárọ̀?" Mita, ọ̀rọ̀ jáde. Ohùn náà lọ sílẹ̀, kò rí bíi tàtijọ́, àmọ́ ó jáde. Mo sọ ohun tí mo jẹ. Mo bú dírẹ́bà bọ́ọ̀sì. Mo sọ̀rọ̀ rẹ, mo ní ọmọ mi ń bẹ ní Japan, orí rẹ̀ le bí òkúta, mo dá nọ́ọ̀sì lẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn ara mi nínú yàrá yẹn. Wọ́n ti gbé tíì fún mi, mò ń sọ̀rọ̀ lọ, ìgbà tí mo máa wolẹ̀, tíì ti dà sí ṣòkòtò mi tán. Nígbà tí mo ní kí n dìde, ẹsẹ̀ mi lẹ̀ mọ́ ilẹ̀.

Dókítà ní òun lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí màá fi ti Sungai Tarab dé, kí n wá padà sọ́dọ̀ òun. Mo ro àwọn ọjọ́ náà wò. Mo rí ara mi nísàlẹ̀ àkàsọ̀ ilé wa tí mi ò lè gùn ún. Mo rí ìrẹsì lórí ẹní. Ta ló máa fi ṣíbí sí mi lẹ́nu? Warni lọ́kọ, ó lọ́mọ. Ẹ̀rù bà mí bí ẹ̀rù ò ṣe bà mí lọ́jọ́ tí wọ́n lu ihò sí mi lágbárí. Mo ní kó dá a padà. O bèèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, mo sì kọ̀ ọ́. Mo fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mo ń fín igi, ojú rẹ ò kúrò níwájú mi. Nígbà tó yá mo wọ aṣọ, mo lọ bá Datuak bí mo ṣe rí. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ ìkíni rárá. Mo gbọ́ tí àwọn obìnrin ń kùn nínú yàrá pé irú ìwàkiwà wo nìyí. Mo ní, "Mo, mo, mo ti di akó, akólòlò. Ẹ, ẹ, ẹ̀rọ ló fà á. Mo wá tọrọ A- A-." Ọ̀dọ́kùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní, "Afdal." Datuak yíjú sí i, ó ní, "Ìwọ ni wọ́n rán níṣẹ́ ni? Gbé ẹnu rẹ dání." Ó yíjú sí mi. "Sutan, a ò níbi tá à ń lọ."

Wọ́n sì dúró. Oúnjẹ tutù. Wọ́n pe ìrun, Datuak ní àkókò rẹ̀ ṣì gùn. Òógùn bò mí. Mo sọ pé Afdal la fẹ́, pé èmi fúnra mi fẹ́ ẹ, pé kò sí ẹni tó fi tipá rán mi wá, gbogbo ohun tí a kì í wí lójú àna ni mo wí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láì fi nǹkan bò ó. Nígbà tí mo parí, Datuak ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti ń gba siriah, ẹ̀yin lẹ́ni àkọ́kọ́ tó sọ ohun tó fẹ́ fún mi ní tààrà." Ó mú ewé kan nínú àwo, ó jẹ ẹ́. Wọ́n ti gbà, Mita. Afdal á ti gbọ́. Mo kí ẹ̀yin méjèèjì kú oríire.

Ìgbà tí à ń jẹun ni ìyá Afdal bi mí bóyá àárò rẹ ò ní máa sọ mí. Mo wò ó. Ó ní, "Àbí Mita ò tíì sọ fún yín? Àwọn méjèèjì ti tọwọ́ bọ ìwé iṣẹ́ tuntun, ọdún márùn-ún. Wọ́n á wá ṣègbéyàwó, wọ́n á sì padà." Mo ní o ti sọ fún mi. Irọ́ yẹn jáde, kò há rárá.

Mi ò bínú. Mo rò pé ó tì ọ́ lójú láti sọ ọ́, bí ẹnu mi ṣe tì mí lójú láti gbé fóònù rẹ. Nílẹ̀ wa, àgbà ló máa ń lé ọ̀dọ́ lọ sí àjò, kó lọ wá ayé rẹ̀, àgbà kì í sì í ní kó padà. Tí àárò bá ń sọ wá, a máa kọ ọ́ pé òjò ti ń rọ̀, pé èso dúríánì ti ń já bọ́ lẹ́yìn ilé, ká fi í sílẹ̀ kó yé ẹni tó máa yé. Òjò ti ń rọ̀. Dúríánì ti ń já bọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí i nílé Datuak pé ohun téèyàn ò bá sọ, ohun tó bá wu olúkúlùkù ló máa gbọ́.

Nítorí náà màá sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kú sínú ilé yìí lémi nìkan. Má wá ṣègbéyàwó kó o tún lọ. Tí o bá lọ fún ọdún márùn-ún, mi ò rò pé o máa bá mi. Padà wá máa bá mi gbé, Mita. Mo bẹ̀ ọ́.

Mak Dang rẹ,
Zulbahri